Ta Ló Ni Wákàtí Ìdúró?

Bí ènìyàn bá ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ni ó tà gan-an? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò dáhùn pé agbára rẹ̀ ni, tàbí ọgbọ́n orí rẹ̀. Ìdáhùn yẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó. Alágbàṣe tó kọ ebè fún olóko ta agbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ta òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé òwúrọ̀ kan náà kò ṣeé lò ní oko méjì. Àkókò ni òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ máa ń kó sílẹ̀ kí agbára tó tẹ̀ lé e. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n gba àkókò lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọn kò sì lo agbára rẹ̀: ẹni tó dúró de iṣẹ́, tí iṣẹ́ kò dé. Ta ló ni wákàtí tó fi dúró? Ṣé òun ni, àbí ẹni tó ní kó dúró? Bí ó bá sì jẹ́ ti ẹni tó ní kó dúró, kí ló dé tí kò fi sanwó rẹ̀?

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Sàngó Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa yóò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀: àwọn tó ń ṣe bísíkíìtì wà, àwọn tó ń ṣe ike wà, àwọn tó ń yọ́ irin wà. Bí ẹ bá gba iwájú wọn kọjá ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ ó rí àwọn ènìyàn tó dúró lẹ́nu géètì, tí oúnjẹ ọ̀sán wọn wà nínú kúlà kékeré tàbí nínú ọ̀rá. Obìnrin pọ̀ nínú wọn. Káṣúà ni a ń pè wọ́n. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé owó oṣù. Súpáfáísọ̀, tàbí agbaṣẹ́ṣe tó ń bá ilé iṣẹ́ kó ènìyàn wá, yóò jáde síta, yóò nawọ́ sí ìwọ, ìwọ, àti ìwọ, títí iye tó fẹ́ yóò fi pé. Àwọn tó kù kì í sábà gbọ́ pé kí wọ́n máa lọ sílé. Ohun tí wọ́n máa ń gbọ́ ni pé: "Ẹ ṣì dúró ná. Bí iná bá dé, a ó tan ẹ̀rọ kejì."

Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ lè wá nǹkan mìíràn ṣe: ó lè lọ báni fọ aṣọ, ó lè lọ pàtẹ ata. Ẹni tí wọ́n ní kó dúró kò lè lọ. Á di aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá kí wọ́n tó jáde wá sọ pé iná kò dé mọ́. Nígbà náà, àwọn tó ń fọ aṣọ ti rí ẹlòmíràn bẹ̀, ọjà àárọ̀ sì ti tú. Owó ọkọ̀ tí obìnrin náà fi wá ti wọlé olówó ọkọ̀, ó sì kù tí yóò fi padà.

Nínú kíláàsì SS2, níbi tí mo ti ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ojúṣe aráàlú, ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ń ṣe káṣúà bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ènìyàn bá dúró láti aago mẹ́fà di mẹ́wàá tí wọn ò mú un, ṣé a lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn?" Ojú ẹsẹ̀ ni kíláàsì pín sí méjì. Àwọn kan ní ó ṣiṣẹ́, nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ní kò ṣe é, pé kò gbé nǹkan kan, kò sì di páálí kan, owó kí ni yóò wá gbà? Ọmọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà dìde, ó ní: "Mà, a kì í sanwó ẹran tí a ò jẹ."

Mo mú ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ní ọ̀kúnkúndùn, nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà ń rò nínú ọkàn wọn ló sọ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwa fúnra wa ń ṣe lójoojúmọ́. Bí ẹbí kan bá háyà bọ́ọ̀sì lọ síbi ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú, ọkọ̀ náà lè rìn fún wákàtí méjì péré láàárọ̀, kó wá lọ jókòó sábẹ́ igi títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún dírẹ́bà pé wákàtí méjì tí táyà fi yí ni òun yóò san. Ọjọ́ ni wọ́n háyà, ọjọ́ ni wọn yóò san. Bí a bá yá àga àti kánópì tí òjò sì tú àríyá ká, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sórí àga kan, ẹni tó yá wa yóò gba owó rẹ̀ pé. Ọlọ́dẹ àdúgbò ńkọ́? Oṣù tí olè kò wá rárá ni inú wa máa ń dùn jù láti san owó rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe òótọ́ pé a kì í sanwó ìdúró. A ń san án fún bọ́ọ̀sì, a ń san án fún àga oníke.

Kí ló wá fà á tí ìdúró àga fi ní iye owó tí ìdúró ìyá ọlọ́mọ kò fi ní? Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo sì rí. Àga ní olówó tó lè sọ pé "Rárá, n kò yá yín." Obìnrin tó wà lẹ́nu géètì kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ogún ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò sọ pé "Èmi á dúró." Kì í ṣe pé wákàtí rẹ̀ kò wúlò. Bí kò bá wúlò, wọn kì bá tí ní kó dúró. Ilé iṣẹ́ fẹ́ kí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé báyìí kí ẹ̀rọ kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí àwọn ènìyàn náà bá ti lọ sílé, ẹ̀rọ yóò dúró di ọ̀la. Ìdúró wọn ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́yìn ilé de ìgbà tí iná bá lọ, àmọ́ jẹnẹrétọ̀, wọ́n fi owó rà á ni.

Àdánù owó kọ́ ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè wá sí ìpàdé òbí, a sì jọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Ó sọ fún mi pé òun ti yọ kúrò nínú àjọ tí òun ń dá pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá mú un ní ọjọ́ márùn-ún, ó lè dá ti ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá mú un ní ọjọ́ kan, kò lè dá rárá, olórí àjọ kì í sì í béèrè lọ́wọ́ ènìyàn bóyá wọ́n mú un lẹ́nu géètì. Lẹ́yìn ìgbà kẹta tó yẹ̀, ó gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní aláìnígbẹ̀kẹ̀lé. Ó ní kí n má bínú pé òun kò wá sí ìpàdé méjì tó ṣáájú, òun kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ yóò wà lọ́jọ́ náà. Owó ìdánwò WAEC ọmọ rẹ̀ náà ń bọ̀, kò sì lè sọ fún wa ìgbà tí yóò san.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yìí. Nínú èrò àwa Yorùbá, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí ni pé ó máa ń mú àdéhùn ṣẹ. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè ṣe àdéhùn, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀la tí yóò fi ṣe é. Ẹni tí kò mọ ibi tí òun yóò wà ní aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la, kò lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé "Màá wá," kò lè sọ fún onílé pé "Ní ìparí oṣù." Bí ó bá sọ ọ́ tí kò ṣẹ, ìwà rẹ̀ ni a ó bú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwà rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹlòmíràn ló mú ọ̀la rẹ̀ lọ, àwa tó kù wá ń dá obìnrin náà lẹ́jọ́ pé kò ní ọ̀la. Èyí ló mú kí n gbà pé ọ̀rọ̀ nípa ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ nìkan.

Àwọn kan yóò ní ayé òde òní ló bàjẹ́. N kò rò bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ́ fi ayé àtijọ́ ṣe àwòkọ́ṣe. Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká rántí. Nínú àárò, ẹni tó bá mi roko lónìí mọ ọjọ́ tí èmi náà yóò bá a roko, ọjọ́ ni a fi ń san ọjọ́. Ẹ tún wo ìwọ̀fà. Ẹni tó yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó títí gbèsè yóò fi tán, iṣẹ́ tó ń ṣe sì ni èlé owó náà. Ìlànà tó le ni, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì jìyà nínú rẹ̀, ó dára tó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, pé ọmọ tó ní òmìnira ni, àti pé ohun tó jẹ olówó ní ìwọ̀n. Ó ní iye iṣẹ́ tí yóò ṣe, bó bá sì ti ṣe é tán, ó lè kọrí sí oko tara rẹ̀. Ìwọ̀fà tó jẹ gbèsè mọ ìgbà tí òun wà lábẹ́ olówó àti ìgbà tí òun ni ara òun. Obìnrin tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ ilé iṣẹ́ náà ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ kò mọ ìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà wọ kíláàsì. Ìjọba ológun ló gbé òfin náà jáde ní 1974, òun náà ló sì wà nínú àkójọ òfin ilẹ̀ wa di òní. Abala kẹtàdínlógún rẹ̀ ni mo kà fún wọn. Ohun tó sọ ní èdè tiwa ni pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè iṣẹ́ tó bá agbára òṣìṣẹ́ mu ní gbogbo ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ náà bá yọjú tí ara rẹ̀ sì dá, yàtọ̀ sí ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ ọlidé. Bí kò bá pèsè iṣẹ́ náà, yóò san owó ọjọ́ yẹn fún un bí ẹni pé ó ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ lè jọ fẹnu kò sí nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n bí kò bá sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, bí òfin ṣe rí nìyẹn. Kíláàsì dákẹ́. Ọmọkùnrin tó sọ̀rọ̀ ẹran lẹ́ẹ̀kan náà ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní: "Mà, ṣé òfin yìí wà lóòótọ́?"

Ó wà. Àwọn tó kọ ọ́ kò sì gbàgbé agbanisíṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀ tó ju agbára rẹ̀ lọ. Abala kan náà sọ pé bí ìṣòro pàjáwìrì tàbí ohun tí apá agbanisíṣẹ́ kò ká bá dé, tí kò sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni yóò san. Bí yóò bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló lè fi ọjọ́ kún un. Èyí wù mí púpọ̀. Òfin náà kò sọ pé kí ẹnì kan ṣoṣo ru gbogbo ẹrù. Ó pín in: ọjọ́ kìíní jẹ́ ti ọ̀gá, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Abala keje náà ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àwọn nǹkan pàtàkì nínú àdéhùn iṣẹ́ sínú ìwé fún òṣìṣẹ́, kó tó pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí iṣẹ́ sì wà lára ohun tí yóò kọ.

Bí òfin bá ti wà láti ọjọ́ yìí, kí ló dé tí kò dé ẹnu géètì? Lọ́yà ilé iṣẹ́ lè sọ pé kò tíì sí àdéhùn kankan lọ́jọ́ tí wọn kò mú ènìyàn, pé ojoojúmọ́ ni àdéhùn káṣúà ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gbà pé àdéhùn lè jẹ́ ti ẹnu lásán, ó tilẹ̀ lè jẹ́ èyí tí a kò sọ jáde rárá, tí ìṣe àwọn méjèèjì kàn fi hàn. Ẹni tó ti ń wá sẹ́nu géètì kan náà fún ọdún méjì, tí súpáfáísọ̀ mọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sì ń bínú sí i bí kò bá wá, lójú tèmi, àdéhùn wà láàárín wọn. Agbaṣẹ́ṣe tó wà láàárín tún wá da ọ̀rọ̀ rú. Bí ẹjọ́ bá dé, ilé iṣẹ́ á ní agbaṣẹ́ṣe ló gbà wọ́n, agbaṣẹ́ṣe á ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Òfin owó oṣù tó kéré jù, tí wọ́n sọ di 70,000 náírà ní 2024, kò mú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún apá kan àkókò, tàbí àwọn tí a ń sanwó fún ní iye ẹrù tí wọ́n bá dì. Ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 náà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wákàtí rẹ̀ kò dúró sójú kan gan-an ni òfin yìí kọ́kọ́ yọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dí ọ̀nà jù ni ẹ̀rù, ẹ̀rù náà sì nídìí. Lílé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ohun tí a lè rí. Òfin ti ṣètò rẹ̀: ẹni tó ti ṣiṣẹ́ kọjá oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì gbọ́dọ̀ gba ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún yóò gba ti oṣù kan. A kì í lé káṣúà. Bó bá béèrè owó ìdúró rẹ̀ lónìí, kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Lọ́la, ọwọ́ súpáfáísọ̀ yóò kàn fo orí rẹ̀ kọjá bọ́ sórí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́tùn-únla náà, bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ìwé, kò sí ariwo, kò sí ohun tí yóò gbé lọ sí kóòtù. N kò mọ ìyà mìíràn tí ẹnì kan lè fi jẹ ẹnì kejì láìsọ̀rọ̀, láìṣe nǹkan kan, tí yóò sì fi ebi pa á.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa nìkan ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ń lọ láti ilé dé ilé tọ́jú àwọn arúgbó. Fóònù ni géètì tirẹ̀. Ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí kò ṣèlérí wákàtí kan ṣoṣo fún un, wọ́n lè fún un ní ogójì lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n fún un ní mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ti ń ja ìjà yìí níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ní 2015, òfin ní agbanisíṣẹ́ tí kò ṣèlérí wákàtí kò gbọ́dọ̀ ka iṣẹ́ níbòmíràn léèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. (Ẹ wo bí ojú ṣe le tó: o kò fún mi ní iṣẹ́, o tún ní kí n má gba ti ẹlòmíràn!) Ní oṣù Kejì 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá ẹjọ́ àwọn awakọ̀ Uber. Ilé iṣẹ́ náà kò gbà pé òṣìṣẹ́ òun ni wọ́n, ó sì tún ní bí wọ́n bá tilẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́, ìgbà tí èrò bá wà nínú ọkọ̀ nìkan ni iṣẹ́. Àwọn adájọ́ kò gbà. Wọ́n ní láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti tan ètò náà lórí fóònù rẹ̀, ní agbègbè tí wọ́n ti fún un láṣẹ, tó sì ṣetán láti gbé èrò, ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ka ìyẹn fún kíláàsì mi, inú ọmọ tó béèrè ìbéèrè dùn bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ni wọ́n dá láre. Ní ìparí 2025, òfin mìíràn tún jáde níbẹ̀, tó ní kí agbanisíṣẹ́ fi wákàtí tó dájú lọ ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ fún un déédéé, kó sọ àkókò iṣẹ́ fún un ṣáájú, kó sì sanwó bó bá fagi lé e nígbà tí àkókò ti sún mọ́lé. Apá yẹn kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọba fọwọ́ sí i, ìjọba ṣì ní àwọn ìlànà tí yóò ṣe. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń lépa níbẹ̀ sún mọ́ ohun tó ti wà nínú òfin tiwa láti 1974.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ òbí ilé ẹ̀kọ́ wa tó ní ilé búrẹ́dì. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ó wá bá mi. Kò bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Ó ní: "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Bí fúláwà bá gbówó lórí lóru, tí dísẹ́ẹ̀lì sì tán, ta ni yóò sanwó ìdúró tèmi? Àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ní kí n máa sanwó ọjọ́ tí mi ò yan búrẹ́dì, mẹ́ta ni màá mú. Ṣé àwọn mẹ́ta tó kù yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín?"

Mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé òfin tó bá wúwo jù lè ba iṣẹ́ jẹ́, ẹni tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní fi abala òfin se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bi í pé báwo ni àwọn ọmọbìnrin náà ṣe ń mọ ọjọ́ tí kò ní yan búrẹ́dì. Ó ní: "Háà, mo máa ń pè wọ́n lálẹ́ ni. Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ wá lásán ni?" Ó sọ ọ́ bí ohun tí kò tilẹ̀ yẹ kí ènìyàn béèrè. Nínú ìdáhùn yẹn, ó ti dá ẹjọ́ ilé iṣẹ́ ńlá tó ní àwọn akọ̀wé àti kọ̀ǹpútà, tí kò lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lálẹ́. Ìpè kan lálẹ́ kò ná an ju owó fóònù lọ, ṣùgbọ́n ó dá gbogbo ọjọ́ padà fún ẹni tó ni ín. Lójú mi, èyí ni ohun tó kéré jù tí a jẹ ẹni tó ń dúró dè wá: pé ká tú u sílẹ̀ ní kíákíá bí a kò bá fẹ́ lò ó. Ẹni tó bá yàn láti má tú u sílẹ̀, nítorí èrè tí yóò jẹ nínú ìdúró rẹ̀, kó san owó èrè náà. Bí ìyá oníbúrẹ́dì bá ń pè lálẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò rò pé ó yẹ kí òfin ni ín lára. Ìbá dára kí àwọn aṣòfin wa fi ìyàtọ̀ yìí sí i, nítorí pé abala kẹtàdínlógún kò sọ ohunkóhun nípa ìkìlọ̀ àṣálẹ́.

Ọ̀rọ̀ òmìnira náà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ mi sì gbé e dìde. Àwọn kan fẹ́ràn iṣẹ́ tí kò ní àkókò pàtó. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń ṣe lébìrà nígbà ọlidé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dè é mọ́ ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìdánwò kan wà tí mo fi ń mọ òmìnira gidi: bí òun náà bá sọ pé "Lónìí, mi ò wá," kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i lọ́la? Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn lè sọ ọ́ kó sì padà wá. Bí ìyá tó wà lẹ́nu géètì bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á gbàgbé ojú rẹ̀. Àìdúró-sójú-kan tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè lò ó kì í ṣe òmìnira àwọn méjèèjì. Àwọn tó ní "Ṣebí ó gbà bẹ́ẹ̀?" náà, ìdánwò yìí ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ó gbà lóòótọ́. Ẹni tí omi ń gbé lọ náà máa ń gba okùn tí a bá jù sí i, kì í bèèrè irú okùn tó jẹ́.

Ní ìparí sáà, àwọn ọmọ kọ abala kẹtàdínlógún ní èdè Yorùbá sínú ìwé wọn, wọ́n sì mú un lọ sílé fún àwọn òbí. Ìwé mélòó kan padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bàbá kan kọ ọ́ pé kí n kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí yóò jáde nínú ìdánwò. Ìyá ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ta ni ká gbé e lọ bá?" Mo dá a lóhùn pé Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta, àti pé òṣìṣẹ́ wọn ní agbára lábẹ́ òfin láti wọ ilé iṣẹ́ kí wọ́n sì wádìí. Ọjọ́ iṣẹ́ ni ọ́fíìsì yẹn máa ń ṣí, ọjọ́ kan náà tí wọ́n ń mú ènìyàn lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá lọ yóò pàdánù owó ọjọ́ rẹ̀ àti owó ọkọ̀, wọ́n sì lè má mú un mọ́. Ó ti bá àwọn mẹ́jọ mìíràn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá ní lọ́sẹ̀ yẹn ló ń dá, láti fi san owó ọjọ́ ẹni tí yóò lọ. Wọn kò tíì fẹnu kò lórí ẹni náà.